Níbi Tí Òjò Kò Ti Ní Pa Á

Ọdún méje gbáko ni a fi jiyàn lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìjọ Marlcombe, abúlé wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti wà níbẹ̀ láti bí ẹgbẹ̀rin ọdún, látìgbà náà sì rèé, ẹ̀yìn igi yíù, igi ńlá àtayébáyé tó wà láàárín àwọn sàréè, ni ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n máa ń sáré gbà. Mo ti rí bíṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ká aṣọ funfun wọn sókè lẹ́yìn igi náà. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá ra ilé ní abúlé wa ní àwọn kò lè máa gbàdúrà pẹ̀lú ìtọ̀ níkùn.

Orúkọ mi ni Enid Hobday. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, èmi sì ni alámòójútó ilé ìjọsìn náà. Kọ́kọ́rọ́ ńlá wà lọ́wọ́ mi, ìwé kankan kò sì lè lọ sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹnu mi mú bí abẹ. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ìdajì ohun tí mo gbé mì.

Nígbà tí ayàwòrán-ilé kọ́kọ́ mú àwòrán rẹ̀ wá, apá àríwá ló fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yíù gan-an. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní gbòǹgbò igi máa kú. Nígbà tí wọn kò gbọ́, mo ní àdán ń sùn lábẹ́ òrùlé ní apá ibẹ̀, gbogbo wọn sì gbà, nítorí ní orílẹ̀-èdè wa yìí wọ́n lè lé opó jáde nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé àdán. Wọ́n gbé e lọ sí apá gúúsù. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà, tí mo sì lẹ àpòòwé rẹ̀ pa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdán ló ń dùn mí. Ọmọ mi ló wà lábẹ́ igi yẹn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí wọ́n sin èmi náà sí, kí n lè wà pẹ̀lú rẹ̀ níkẹyìn. Mo ti gba ààyè ibẹ̀, orúkọ mi ti wà nínú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ọmọ kankan wà níbẹ̀. Cyril ọkọ mi kò mọ̀ títí ó fi kú, Ọlọ́run kò sì fún èmi àti òun ní ọmọ kankan.

Ọdún 1963 ni, ọdún òtútù ńlá. Yìnyín bọ́ lẹ́yìn Kérésì, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di oṣù kẹta. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná àwọn Loder, ní Ilé Ńlá. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Crispin, tó ti yunifásítì wálé fún ìsinmi lọ́dún tó ṣáájú. N kò ní ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé olówó rí mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ikùn mi yọ, ìyá rẹ̀, Honoria Loder, wá sí ilé wa fúnra rẹ̀. Kò jókòó, kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó sọ fún bàbá mi pé, “Scutt, ohun tó wà níkùn ọmọ ẹ kì í ṣe tiwa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Loder kankan níbẹ̀. Mi ò fẹ́ tún gbọ́ ọ.”

“Mo ti gbọ́, mà,” ni bàbá mi wí.

Olùṣọ́-àgùntàn ni bàbá mi, Reuben Scutt, ẹran gidi ló ń dà, orí ilẹ̀ àwọn Loder náà ló sì ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún, kí ẹrù koríko tó wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọ gbà á láti máa gbẹ́ sàréè àti láti máa gé koríko. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá bú u, á dúró fìí bí àgbò tí òjò ń pa.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì ni mo bímọ. Ọkùnrin ni. Kò sunkún, kò mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni òtútù àyà pa Honoria Loder. Mo wà lórí ibùsùn tí mo ń gbọ́ agogo tí wọ́n ń lù fún un, ẹ̀ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò láyé, mo sì ń ka á. Kò sí agogo fún tèmi. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa nígbà náà, sọ pé ọmọ tí a kò rì bọmi kò lè gba àdúrà ìsìnkú; kí bàbá mi wá ibì kan gbé e sí ní ìdákẹ́jẹ́. Bàbá mi gbé e jáde láàárọ̀, ó sì wọlé ní ọ̀sán.

Mo bi í pé, “Ibo lẹ gbé e sí?”

Ó ní, “Mo gbé e síbi tí òjò ò ti ní pa á.”

“Lábẹ́ yíù?”

Ó tẹ orí wálẹ̀. Mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn ewé igi yẹn dí débi pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í tutù. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tí kò dé ojú. Mo bínú sí ẹ̀rín yẹn fún ọdún mẹ́rìnlá, títí ó fi kú, n kò sì bi í ní ohunkóhun mọ́. Lọ́dọọdún, ní oṣù kejì, mo máa ń gbin òdòdó funfun kéékèèké sábẹ́ igi náà. Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo fẹ́ràn àyíká tó mọ́.

Òfin bíṣọ́ọ̀bù ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, awalẹ̀pìtàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nerys ni wọ́n rán wá, ará Wales, ó wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ó sì ń fi ọwọ́ àdọ̀tí jẹ bisikíìtì. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò jẹ́ kí n ráyè.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, “Mìsísì Hobday, wọ́n ní kí n yọ ihò kékeré kan wò ní apá àríwá náà o, kí ọ́fíìsì lè fi wé ti gúúsù. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fọwọ́ kan àdán yín, ẹ máa pa mí.”

“Àdán nìkan kọ́,” ni mo fèsì. “Igi yẹn náà, má sún mọ́ ọn.”

Mo tọ́ka ibì kan sí i, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí àwọn òdòdó mi. Mo lọ sílé, mo jẹun ọ̀sán, mo sinmi, kí n tó po tíì fún un. Nígbà tí mo padà, gbòǹgbò ti dí i lọ́nà níbẹ̀, ó sì ti sún ihò rẹ̀ lọ síbi tí kò ti sí gbòǹgbò. Ó ti rọra hú àwọn òdòdó mi pẹ̀lú ìdí wọn, ó tò wọ́n sórí ọ̀rá, ó sì ti jìn nínú ilẹ̀ dé ìgbáròkó. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ má bínú,” ni ó wí, “mo máa gbìn wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà. Kò sí nǹkan kan níbí. Ẹ wò ó, ẹfun funfun nìyí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìdí òdòdó yín, ṣọ́bìrì ò kan ilẹ̀ yìí rí látìgbà tí Ọlọ́run ti dá a.”

“Wò ó dáadáa.”

“Mo ti wò ó dáadáa, mà. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?”

Mo ní ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n sin nǹkan kékeré kan síbẹ̀ ní ìgbà òtútù ọdún 1963.

Ó rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín. “Ní 1963? Ta ló máa gbẹ́ ẹ? Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún wa pé àáké ni wọ́n fi ń gé ilẹ̀ nígbà yẹn, pé òkú ń dúró de ìgbà tí yìnyín máa yọ́. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín ń fi yín ṣeré ni.”

Mo jókòó sórí òkúta sàréè ẹlòmíràn. Ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ni mí. Lára bàtà bàbá mi ni mo ti mọ àwọ̀ ilẹ̀ abúlé wa. Mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ó ṣe ń fi omi gbígbóná yọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi kí á tó lè rí omi mu, bí ṣọ́bìrì rẹ̀ ṣe kán sí méjì lára ilẹ̀ tó le bí irin. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo fi ń bu omi sí ẹfun òfìfo, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ọkùnrin yẹn kò lè gbẹ́ ihò tó lè gba ológbò. Òmùgọ̀ ni mí. Ibo ló wá gbé e sí?

Ọjọ́ kẹta ni ìdáhùn dé. Katapílà kékeré ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní apá gúúsù, níbi tí èmi fúnra mi ní kí ó lọ, láti la ọ̀nà fún páìpù ẹ̀gbin. Gbogbo wa mọ̀ pé ibojì bíríkì àwọn Loder, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń to pósí wọn sí, wà ní apá ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, koríko ti bò ó, a sì rò pé ó jìnnà sí ògiri jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí abọ́ ńlá bá fọ́. Nerys kígbe pé kí wọ́n dúró. Ọwọ́ irin katapílà náà ti wọ inú òrùlé ibojì, bíríkì bí ogún sì ti já wọlé.

Nerys sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú iná lórí. Fíkà wa, Timothy, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ wàhálà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣàníyàn nípa ohun tí àwọn Loder máa sọ.

“Pósí mẹ́ta,” ni Nerys ké láti ìsàlẹ̀. “Ibí gbẹ táútáú. Èyí tó kẹ́yìn, Honoria, oṣù kejì 1963. Pósí kankan ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tí bíríkì wó lé.”

“Kí ni?” ni Fíkà bi í.

“Páálí bàtà. Egungun wà nínú ẹ̀, ó kéré gan-an, òmíràn ti fọ́.”

Fíkà ní, “Ológbò ni. Àwọn obìnrin ìgbà yẹn fẹ́ràn ológbò wọn.”

“Ológbò kọ́, Fíkà,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. “Irun àgùntàn wà níbi ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n fi sí i lọ́wọ́ ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.”

Èmi ti rí i. Èmi ni mo fi sí bàbá mi lọ́wọ́ ní ọdún 1977, kí wọ́n tó de pósí rẹ̀. Bí olùṣọ́-àgùntàn bá kú lọ́dọ̀ wa, irun àgùntàn díẹ̀ ni wọ́n á fi dì í lọ́wọ́, kí Ọlọ́run lè rí iṣẹ́ tó ṣe, kí ó má sì bi í pé kí ló dé tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àgùntàn kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò wọ inú rẹ̀ rí, bàbá mi wá àwáwí fún un. Ó bá a ṣí ibi kan ṣoṣo tó ṣeé ṣí nínú gbogbo ilẹ̀ náà lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí òkúta nìkan ni wọ́n ń gbé kúrò lẹ́nu ibojì bíríkì, kò sí ohun tí wọ́n ń gbẹ́. Ó sì gbé e sẹ́sẹ̀ obìnrin tó ní kì í ṣe tàwọn, kí ó máa gbé e títí di ọjọ́ àjíǹde. Ohun tó fi ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo lóye rẹ̀ báyìí, inú sì bí mi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbẹ̀san ara rẹ̀, ó sì fi èmi sílẹ̀ pẹ̀lú igi.

Èmi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé tó rán katapílà sí ọmọ mi lórí.

Nígbà tí Fíkà ti lọ, mo sọ fún Nerys. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ fún láyé. Kò dì mọ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

“Òfin ni pé ohun tó bá jáde látinú ibojì ìdílé, inú ẹ̀ ló ń padà sí,” ni ó wí. “Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa dí i. Àyàfi tí olórí ìdílé náà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kí ẹ gbé e. Ìlà kan péré ti tó, ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù ò ní jiyàn. Ta ni olórí ìdílé náà báyìí?”

“Bàbá ọmọ náà,” ni mo fèsì.

Ní Ọjọ́rú, mo wọ ẹ̀wù tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú Ilé Ńlá wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Crispin Loder jókòó lẹ́bàá iná, aṣọ wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó gbó dáadáa, bí àwọn tí ẹlòmíràn ń bá gbé ẹrù. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi láìjókòó.

Ó wò mí títí. “Enid Scutt. Dúró ná. Ṣé ìwọ lo máa ń gun kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé yẹn?”

“Dorothy nìyẹn, sà. Èmi ni mò ń fọ abọ́.”

“Ẹn-ẹ́n.” Ó rọra da mílíìkì sí tíì rẹ̀. “Ó ti pẹ́ o, Enid. Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?”

Mo fún un ní ìwé tí Nerys bá mi tẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà.

“Tí mo bá fọwọ́ sí èyí, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbé nílé yìí. Abúlé máa gbọ́.”

“Èmi náà ń gbé abúlé, sà. Èmi ni wọ́n máa bú.”

“Ó dáa, wò ó báyìí.” Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín rere, ìyẹn ló burú jù. “O ní ọmọ mi ni. Mi ò bá ẹ jiyàn. Tó bá jẹ́ tèmi, ó wà níbi tó yẹ kó wà, láàárín ìdílé ẹ̀. Kí la tún fẹ́ máa gbé e kiri sí? Ohun tó wà nínú ibojì wa, tiwa ni.”

“Ìyá yín ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tó ní kì í ṣe tiyín.”

“Mọ́mì máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

“Nígbà tí mo nílò kí ẹnì kan pè é ní tiyín, ẹ ò rí i. Ìgbà tó di egungun lẹ wá rí i.”

“Mu tíì, Enid. O ti ń pariwo.”

N kò mu tíì. Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ká a dáadáa sí mẹ́rin. Mo dúró díẹ̀ sí i, mò ń retí ọ̀rọ̀ kan. Kò bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo rò ó pé kí n jí i gbé. Kọ́kọ́rọ́ àgọ́ tí Nerys ń kó nǹkan rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i, mo rí àpótí igi kékeré tuntun tí ó ti tò ó sí, mo gbé e lọ́wọ́. Kò wúwo rárá. Mo gbé e dé abẹ́ igi yíù. Mi ò lè kúnlẹ̀, orúnkún mi kò gbà á mọ́, mi ò sì lè gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdúró. Mo gbé ọmọ mi dání níbẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbé e, nítorí lọ́dún náà wọ́n ní kí n má wò ó. Nerys bá mi níbẹ̀.

“Kí lorúkọ ẹ̀?” ni ó bi mí.

“Reuben. Orúkọ bàbá mi.”

Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ìgbà tí ó fẹ́ yọ irun àgùntàn náà kí wọ́n lè gbé e lọ yẹ̀wò, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n gbé e padà sẹ́sẹ̀ Honoria, wọ́n di òrùlé náà, wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. Èmi alámòójútó ni mo fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ parí.

Wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà tán ní oṣù kọkànlá. Ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́. Omi gbígbóná wà níbẹ̀, ọṣẹ rẹ̀ ń ta sánsán. Orí kọnkéré yẹn gan-an ni wọ́n ń gbà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì dé, mo já àwọn òdòdó funfun mi lábẹ́ igi yíù, mo fi wọ́n sínú ìgò, mo gbé wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà náà, lórí ibi tí ọmọ mi wà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà ìkéde, Fíkà Timothy rẹ́rìn-ín sí mi láti iwájú. “Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Enid,” ni ó wí. “Ẹ rántí pé òun ló kọ́kọ́ ta ko ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Òun náà ló wá gbé òdòdó wá síbẹ̀ yìí.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló sì pàtẹ́wọ́ jù.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgò mi kò sí nílẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti gbé e wọlé, ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, kí ó má baà dà nù. Mo wọlé lọ gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi títí òdòdó fi rọ: wọ́n á gbé e wọlé, èmi á wọlé lọ gbé e. Nígbà tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn láti jáde, àwọn èèyàn á ti tò sí ìta lórí kọnkéré, mẹ́rin, márùn-ún, tíì lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì nítorí òtútù.

“Ṣé ẹ ti ṣe tán níbẹ̀, Enid?” ni wọ́n á bi mí.